Òrùka Mẹ́ta Lọ́rùn Pọ́ǹpù Ọmú

Náírà kan àti àádọ́rin kọ́bọ̀ ni wọ́n ń ta fèrè kẹ̀kẹ́ ní Warri nígbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú. Fèrè kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí, irú èyí tó ní bọ́ọ̀lù rọ́bà dúdú ní ìdí, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ní gbogbo ọjà Pessu, èmi nìkan ni obìnrin tó ń rà á ní dọ́sìnnì, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní kẹ̀kẹ́. Àwọn tó ń tà á fún mi á máa bi mí pé, "Mama Muri, you wan open bicycle company?" Màá ní rárá o, ọmú ni mo fẹ́ fi ṣe. Wọ́n á ya ẹnu sílẹ̀. Mi ò kì í ṣàlàyé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó lọ bímọ.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí. Ó wá bá mi, ó ní òun fẹ́ yan iṣẹ́ tí òun máa ṣe láyé, pé kí n gba òun nímọ̀ràn. Mo ní irú iṣẹ́ wo ló wù ú. Ó fi pijin dá mi lóhùn, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe: "Grandma, work wey nobody go shout for my head." Mo rẹ́rìn-ín títí gèlè mi fi ṣubú. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ jókòó. Wọ́n ti pariwo lé mi lórí ní èdè mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn mi ò tíì mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Pírámárì mẹ́ta ni mo kà, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, ẹ fi ojú yín tọ́ ọ.

Ará Ìsẹ́yìn ni mí. Ọkọ mi ló gbé mi dé Warri, nítorí wọ́n sọ fún un pé owó ń sùn sílẹ̀ níbẹ̀. Owó ọ̀hún ò sùn sílẹ̀ níbi tí àwa gbé sí, ṣùgbọ́n a jẹun. Mo gba ìsọ̀ kan ní Pessu, mò ń ta ohun èlò ọmọ: ìlédìí ọmọ, páúdà, ìgò tí wọ́n fi ń fún ọmọ ní mílíìkì, fìlà onírun. Mo tún ń ta pọ́ǹpù ọmú tó ń wá láti òkè òkun.

Pọ́ǹpù ọ̀hún ni ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀. Ife gíláàsì kan ni, wọ́n wá lẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà mọ́ ọn létí. Obìnrin á tẹ bọ́ọ̀lù, á gbé ife lé ọmú, á jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù, omi ọmú á jáde. Ó dáa. Ṣùgbọ́n níbo ló ń lọ? Ìdajì á sáré wọnú bọ́ọ̀lù, á fara pa mọ́ síbẹ̀, á kan. Ìdajì tó kù, bí obìnrin náà bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, á dà sí i lára. Mo máa ń wò ó pé ọkùnrin tí kò rí ọmú rí ló ṣe é, tàbí èyí tó rí i tí kò bi obìnrin tó ni ín ní ìbéèrè kankan.

Ẹ sì gbọ́, ní ilé tiwa, omi ọmú kì í kán sílẹ̀. Ìyá mi sọ fún mi, ìyá tirẹ̀ sọ fún un, pé bí èèrà bá lá omi ọmú obìnrin, ọmú náà á gbẹ. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, mi ò bi èèrà léèrè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọbìnrin kan tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí ra pọ́ǹpù lọ́wọ́ mi, omi ọmú kán sílẹ̀, èèrà sì tò síbẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé pọ́ǹpù náà wá sí ìsọ̀ mi, ó gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà.

"Ìyá Múrí, ṣé o fẹ́ kí èèrà gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọmọ mi ni?"

"Mọ̀mọ́, èmi kọ́ ni mo ṣe é o. Mo kàn ń tà á ni."

"Ṣé o ò lè wo ohun tí o ń tà ni? Bó o bá ta ejò, ṣé wàá ní ìwọ kọ́ lo bí i?"

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mi ò lè jẹun. Wọ́n ta nǹkan burúkú fún mi, mo tà á fún ẹlòmíràn, èmi ni mo jẹ èébú. Mo ní ó tó.

Ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Sapele, bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń lẹ táyà, ọ̀rẹ́ ọkọ mi, ará Ṣakí. Bàbá Ṣakí ni gbogbo ayé ń pè é. Mo gbé pọ́ǹpù náà lọ bá a.

Ó ní, "Obìnrin, táyà ni mò ń lẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, afẹ́fẹ́ lẹ̀ ń dá dúró kó má jò. Ẹ bá mi dá omi ọmú dúró."

Ó wò mí. Ó wo pọ́ǹpù. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan péré. Mo rò pé ẹlẹ́rìn-ín ènìyàn ni. Àṣé ẹ̀rín ọ̀pọ̀ ọdún ló rín tán lọ́jọ́ náà.

Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun ò ní fọwọ́ òun kan ohun tó ń lọ sí àyà ìyàwó oníyàwó. Òun á fi hàn mí, èmi ni màá fi ọwọ́ mi ṣe é. Báyìí ni mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ fọkanáísà, èmi tí mo ti bímọ méjì. Láàárọ̀, màá wà lọ́dọ̀ Bàbá láàárín táyà, girisi dé ìgbọ̀nwọ́. Bí oòrùn bá kọjá àárín orí, màá wẹ ọwọ́, màá lọ sí Pessu lọ gba ìsọ̀ lọ́wọ́ àbúrò ọkọ mi. Àwọn awakọ̀ tó ń kọjá á dúró wò mí. "Madam Vulcanizer! Pump my tyre!" Màá ní kí wọ́n gbé ìyá wọn wá, òun ni màá pọ́ǹpù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ohun tí a ṣe ṣe rí. A ra àrọ gíláàsì lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà fún àwọn apoògùn, irú èyí tí wọ́n fi ń da oògùn sínú ìgò. Ẹnu rẹ̀ gbòòrò, òun ló ń lọ sára ọmú. Ìdí àrọ náà gba inú ìdérí rọ́bà wọnú ìgò. Ihò kejì wà lára ìdérí yẹn, a ki rọ́bà dírípù ọsibítù bọ̀ ọ́, bọ́ọ̀lù fèrè kẹ̀kẹ́ sì wà ní orí rẹ̀. Ẹnu rọ́bà dírípù ga sókè nínú ìgò, ìdí àrọ lọ sísàlẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ nìkan ló ń dé inú bọ́ọ̀lù. Omi ọmú ò rí ọ̀nà débẹ̀. Ìyẹn nìkan ti sàn ju ti òyìnbó lọ, a ò sì lọ yunifásítì kankan.

Ṣùgbọ́n Bàbá! Bí ẹ bá rí Bàbá nígbà tí mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn. Níbi tí rọ́bà dírípù ti pàdé bọ́ọ̀lù, okùn àwọn apẹja la fi ń dè é, nítorí kì í jẹrà nínú omi. Mo so ti àkọ́kọ́, mo gbé e fún un. Ó fi eyín fà á. Ó dẹ̀.

"Tún un so."

Mo fi òmíràn kún un lábẹ́ ti àkọ́kọ́. Ó fà á. Ó yẹ̀.

"Tún un so."

Omi ti ń bọ́ lójú mi. Mo so ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo fi gbogbo ìbínú tó wà lára mi fà á, okùn gé mi lọ́wọ́. Bàbá fi eyín fà á títí, kò mira. Ó gbé e sílẹ̀, kò yìn mí. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo pọ́ǹpù tó bá jáde lọ́wọ́ wa ní okùn mẹ́ta lọ́rùn, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Méjì ì bá tó o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti so ó lọ́jọ́ tí Bàbá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì di òfin. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mò ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò. A máa ń da omi ṣúgà sínú pọ́ǹpù, a ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà èèrà, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Bí a bá padà débẹ̀ tí èèrà ò dúró, ó yege. Bí wọ́n bá dúró, ibi tí wọ́n dúró sí gan-an ló ń jò. Bàbá fẹ́ràn wọn. Ó ní àwọn nìkan ni òǹyẹ̀wò tí kì í gba rìbá ní gbogbo Warri, ẹ sì mọ Warri nígbà owó epo.

Ibi tó ń yọ wá lẹ́nu ni ìdérí. Níbi tí ìdí àrọ ti gba inú rọ́bà kọjá, àlàfo díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀, bí obìnrin bá sì fi ìgò dagẹ̀rẹ̀, á máa sun jáde. Bàbá ló rí ojútùú. Òun ni, ẹ gbọ́ mi, èmi kọ́. Wọ́n máa ń fi òrí ránṣẹ́ sí i láti Ṣakí, ó ń fi ra orúnkún. Òrí Ṣakí, bí ẹ bá rí i nínú ọyẹ́, ó le bí ọṣẹ. Ó fi dí àlàfo náà yíká, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dán. A tẹ́ ẹ fún èèrà. Ọyẹ́ ń fẹ́ lásìkò náà, ilẹ̀ tutù. Èèrà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá níwájú ilé ẹni tó jẹ lówó. Bàbá ní, "Ó tán." Mo kó wọn lọ sí Pessu.

Àsìkò náà gan-an ni àwọn obìnrin Warri bẹ̀rẹ̀ sí í rí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ilé iṣẹ́ ń hù káàkiri, wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé tẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Efe, ọmọ Urhobo, tàípíìsì ní ọ́fíìsì kọngílá kan ní Aladja. Ó ti bímọ, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Tega wà nílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó wá sí ìsọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ ti wú.

"Mama Muri, my pikin no gree tin milk. Everything wey we give am, e vomit. If I no carry breast milk reach house, she go sleep with hunger. If I leave work go house, dem go sack me."

Mo ta ọ̀kan fún un. Mo fi ọwọ́ sọ àyà pé kò ní jò.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ta gàrí. Ó ń bọ̀, ó gbé pọ́ǹpù sókè bí ẹni gbé eku tó pa. Búláòsì rẹ̀ yẹ́lò, àyà rẹ̀ ti di àwọ̀ méjì.

"Mama Muri! See wetin you sell give me! E melt! Your pump melt for my body!"

Ó ti wọ yàrá ìkẹ́rùsí ní ọ́fíìsì wọn lọ fún ọmú. Ibẹ̀ gbóná, òrùlé páànù. Ara obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú náà sì gbóná ju ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá lọ. Òrí yọ́. Omi ọmú pẹ̀lú òrí dà sí i láyà, bó sì ṣe padà dé ìdí tábìlì rẹ̀, ó kán sórí lẹ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ tán fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà, ọmọ Yorùbá láti Èkó, dìde láàárín ọ́fíìsì, ó ní kó gbé ọmú rẹ̀ lọ sílé, ó ní ibí kì í ṣe ilé ìgbẹ̀bí. Ó ní kó lọ títí di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, bó bá sì tún fi omi ọmú kan ìwé kankan níbẹ̀, kó má padà wá mọ́.

Ẹlẹ́ja tó kọjú sí mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹja mú. "Ah-ah, Mama Muri, you sell am breast, you join am with body cream!"

Gbogbo ọjà ń rẹ́rìn-ín. Efe ń sunkún. Èmi ò mọ èyí tí màá ṣe. Mo dá owó rẹ̀ padà fún un, ó tì í padà.

"I no want money! Na milk I want! Tega never chop since morning!"

Ó ń bí mi nínú títí dòní. Obìnrin bímọ, ó ṣiṣẹ́, ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jẹun, òun ni wọ́n ń lé bí ajá. Ta ló bí ọ̀gá náà? Ṣé inú káńtà ọ́fíìsì ni wọ́n ti rí i?

Mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá lọ.

"Ìwọ lo tà á," ni Bàbá wí.

"Ẹ̀yin lẹ fi òrí sí i!"

"Òrí Ṣakí kì í yọ́."

"Ní Ṣakí ni kì í yọ́, Bàbá! Ní Ṣakí! Warri la wà yìí!"

Mo ti pọ́ǹpù Efe sí i lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò kan ibi ìdérí. Òrí tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ bí epo. Kò sọ pé òun jẹ̀bi, kò sọ pé mo jàre. Ó fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ra orúnkún, kó má ṣòfò, ó sì na ọwọ́ sí tíúbù ọkọ̀ tó ti gbó.

Ó ní, "Kò ní sí ohun tí a máa fi dí i mọ́. Rọ́bà fúnra rẹ̀ ni yóò dì í mú."

Ọjọ́ tó kù kí ọjọ́ Ajé dé ò pọ̀. A gé tíúbù sí òbíríkítí, a tò wọ́n léra, a fi irin sípóòkù kẹ̀kẹ́ tí a dáná sí lu ihò sí i, ihò tó kéré ju ìdí àrọ lọ. Iṣẹ́ tó wá kù ni kí ìdí àrọ wọ ibi tí kò gbà á. A fi omi ọṣẹ sí i, mo ń tì í, mo ń yí i. Èkínní fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá fi aṣọ dí ẹ̀jẹ̀ náà, ó gbé òmíràn fún mi.

"Tún un ṣe."

Èyí tó wọ̀ dì mọ́ra bí ẹnu ọmọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Èèrà tó wà nílẹ̀ tutù ti tàn wá jẹ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kí Bàbá da omi ṣúgà tó lọ́wọ́rọ́ sínú rẹ̀. Mo dè é mọ́ àyà mi lábẹ́ bùbá, mo dorí rẹ̀ kodò, mo sì lọ jókòó sí ìsọ̀ nínú oòrùn Pessu.

Nígbà tó ṣe, ẹlẹ́ja kígbe. "Mama Muri! Ant dey climb your chest!"

"Níbo? Where? Show me the exact place!"

"Ah! You no wan comot am?"

"Má fọwọ́ kàn án! Don't touch am! Where dem dey go?"

Mo ń pariwo, mo ṣí ọrùn bùbá, mo ń wo ibi tí èèrà ń wọ̀ láàárín ọjà. Àwọn ènìyàn kóra jọ, wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Ẹ̀gbẹ́ ìdérí, lápá òsì, ibẹ̀ ni wọ́n tò sí. Mo ti ìsọ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sáré lọ bá Bàbá, a fi òbíríkítí kan kún un, a tún ihò náà lù. Lọ́jọ́ kejì, mo tún gbé e sáyà. Oòrùn pa mí, òógùn bò mí, mi ò rí èèrà kan. Ẹlẹ́ja gan-an wá wò ó. Ó ní, "Today your breast dry." Mo fún un ní páúdà kan fún ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọjọ́ Àìkú, Efe wá gbà á. Ó gbé e bí ẹyin.

Lọ́jọ́ Ajé, mi ò lè tajà. Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ìyá rẹ̀ wà níta, ó gbé Tega lé èjìká, ọmọ náà ń ké débi pé ohùn rẹ̀ ti ha. Ọkọ̀ dúró. Efe sọ̀kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, ojú mi ò wo ojú rẹ̀, búláòsì ni mo wò. Ó gbẹ. Ó gbẹ táútáú, ó tún nà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́.

Ó ṣí báàgì, ó yọ ìgò jáde, ó kún dé ọrùn. Ó gba ọwọ́ mi, ó dorí ìgò náà kodò, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, sórí àtẹ́lẹwọ́ mi. A dúró. Kò sí ohun tó kán.

Ìyá rẹ̀ ti lọ mú ṣíbí wá. Ṣíbí kan, Tega ṣì ń ké. Ṣíbí kejì, ó dákẹ́ láti gbé e mì. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí a ń gbọ́ nìkan ni ṣíbí tó ń kan erìgì tí kò tíì heyín.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti wá. Efe sọ fún àwọn tàípíìsì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn nọ́ọ̀sì sọ fún àwọn tíṣà. Èmi àti Bàbá ò rójú. Abẹ fẹ́lẹ́ tí mo fi ń gé tíúbù di irin róbótó ẹlẹ́nu mímú tí wọ́n ń fi òòlù gbá, ọ̀kan ṣoṣo, òbíríkítí á bọ́. Àwọn àrọ gíláàsì wọ́n, a bẹ̀rẹ̀ sí í ra ti pílásítíìkì, èyí tí ń rọ̀ bí wọ́n bá sè é jù, mo ní láti máa kọ́ oníbàárà bí wọ́n ṣe ń sè é. Mo kọ́ ọmọ mi méjèèjì jáde níwèé lórí fèrè kẹ̀kẹ́, bí wọ́n bá sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, màá rán wọn létí.

Ọ̀sán kan, ọkùnrin kan wá sí ìsọ̀ mi, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó wọ bàtà tí kò yẹ fún ẹrẹ̀ Pessu. Yorùbá dídùn ló ń sọ.

"Ẹ kú ọjà o, màmá. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Èló ni pọ́ǹpù yẹn?"

"Ẹ kú ewu ọmọ o. Náírà mẹ́fà ni."

Ó yọ náírà mẹ́fà, ó kà á lé mi lọ́wọ́.

Ẹ dúró níbẹ̀. Ní Pessu! Mo pe náírà mẹ́fà kó lè san mẹ́rin àbọ̀, bí gbogbo ayé ṣe mọ̀. Kò ná an. Kò ní ó wọ́n. Kò lọ kó tún padà. Ẹ̀mí mi sọ fún mi pé nǹkan kan wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ayọ̀ ọmọ tuntun ni. Mo tún ṣàdúrà fún un. Mo ní Ọlọ́run yóò fi èyí tó rà yìí sọ ọ́ di olówó. Nínú gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi láyé, àdúrà yẹn ló ń bí mi nínú jù, nítorí ó gbà.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Efe, tí a ti di ọ̀rẹ́, fà mí lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan lójú ọ̀nà Sapele. Páálí kún ibẹ̀ dé àjà. Pọ́ǹpù ọmú, pílásítíìkì funfun báláú, àwòrán obìnrin òyìnbó kan tó ń rẹ́rìn-ín wà lára rẹ̀, wọ́n kọ "Made in Taiwan" sí abẹ́ rẹ̀. Àrọ wà níbẹ̀. Ìdérí tó nípọn. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ga sókè, ọ̀nà omi ọmú tó lọ sísàlẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Òrùka mẹ́ta ló yí i ká, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ pílásítíìkì náà. Kò sí okùn. Kò sí ohun tí wọ́n ń dè. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Àmọ́ òrùka mẹ́ta wà níbẹ̀.

Ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù náà jáde láti ẹ̀yìn. Aláṣọ mímọ́ tó san náírà mẹ́fà ni. Efe di apá mi mú.

"Mama! Na my oga be that! The one wey pursue me!"

Mi ò mọ ìgbà tí ohùn mi jáde. "Ọ̀gbẹ́ni, ìyàwó yín ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

Ó dá mi mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ah, màmá! Wọ́n wà dáadáa. Ẹ kú àárọ̀."

"Kí ni òrùka mẹ́ta yìí ń ṣe níbí?"

Ó gbé e yẹ̀ wò bí ẹni tí kò rí i rí. "Ẹwà ni, màmá. Àwọn tó ṣe é fi ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́."

"Ẹwà! Ìyà ni, ọ̀gbẹ́ni! Ìyà tí wọ́n fi jẹ mí lábẹ́ táyà ni!"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ṣé orúkọ yín wà lára rẹ̀ ni? Ta ló ni afẹ́fẹ́? Ta ló ni ọmú?"

Efe, ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn, ẹni tó ti sunkún ní Pessu, ló dá a lóhùn. Ó fi ìka na àyà ara rẹ̀.

"Oga, you say make I carry my breast go house. Na you come carry am go Taiwan."

Gbogbo àwọn tó ń rajà níbẹ̀ pariwo. Ojú ọkùnrin náà pọ́n. Ó wá ní òun fẹ́ ṣe mí lóore, pé kí n wá máa gba páálí lọ́wọ́ òun kí n máa fi tà, òun á dín in fún mi. Kí n máa ra ohun mi lọ́wọ́ olè kí n tún dúpẹ́! Mo sọ ohun kan fún un tí mi ò ní kọ síbí nítorí ẹ̀yin ọmọdé.

Mo ra ọ̀kan, mo gbé e lọ fún Bàbá Ṣakí. Ó ti darúgbó, kò lẹ táyà mọ́, ó kàn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó da omi sínú rẹ̀, ó dorí rẹ̀ kodò. Kí n má purọ́ fún yín, kò jò. Báwo ni yóò ṣe jò? Àwa la ti bá a jìyà tán. Bàbá wá fi èékánná wọ́ orí òrùka mẹ́ta náà, láti òkè wá sísàlẹ̀.

"Tún un so," ó ní. "Tún un so. Tún un so."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kejì tí mo rí lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹ̀kẹta.

Títí dòní, ẹ lọ sí Pessu, ẹ lọ sí ọjà yòówù kó jẹ́, wọ́n ń tà á. Òrùka mẹ́ta ṣì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Àwọn obìnrin tí a ò bí nígbà náà ń fi ọwọ́ dì í mú, wọn ò mọ̀ pé orí mi ni wọ́n pariwo lé kó tó wà níbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi, iṣẹ́ tó wù ọ́ ni kó o kọ́, wọ́n á pariwo lé ọ lórí lọ́nàkọnà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wá ra ohun tí o fi ọwọ́ rẹ ṣe, tí kò ná an, di ọjà rẹ mú, kó o bi í léèrè ibi tó ń gbé e lọ.

Èmi ò bi í. Náírà mẹ́fà ló san. Ẹ má ka ti àrọ, ẹ má ka ti okùn, ẹ má ka ti ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ mi. Ẹ kàn yọ owó fèrè kẹ̀kẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Gbogbo èrè tí mo rí lórí ohun tí gbogbo ayé ń tà yìí jẹ́ náírà mẹ́rin àti ọgbọ̀n kọ́bọ̀.